Henry Liddon: Atọ́nà tó fi ojú ṣọ́ aago fún àwọn ìlúmọ̀ọ́ká awakọ̀, tó sì kú sí Côte d'Ivoire

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, nígbà tí ìdíje eré mọ́tò ọlọ́nà jíjìn ilẹ̀ Côte d'Ivoire ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan já lulẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Kì í ṣe ọkọ̀ èrò. Ikọ̀ Toyota ló ń lò ó láti máa tẹ̀lé àwọn mọ́tò wọn láti òkè, kí ọ̀rọ̀ lè máa ti ẹnu awakọ̀ dé etí àwọn mẹkáníìkì tó ń dúró dè é lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó yè nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kú ni Henry Liddon, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin yìí ti gba ife Monte Carlo lẹ́ẹ̀mejì, ó ti gba ti Britain lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ti gba ti Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìṣẹ́gun wọ̀nyí, ẹlòmíràn ni ayé ń pè ní awakọ̀. Atọ́nà ni Liddon. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni ààyè rẹ̀, aago àti ìwé ọ̀nà sì ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn awakọ̀ ni òǹwòran máa ń pariwo orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n lónìí, nígbà tí àwọn aláago ń ṣe aago ọwọ́ olówó iyebíye tí ojú rẹ̀ jọ ojú àwọn aago inú mọ́tò àtijọ́, iṣẹ́ irú Liddon gan-an ni wọ́n ń yà sí ọrùn ọwọ́ àwọn oníbàárà wọn.

Aago ọwọ́ tó jọ iwájú mọ́tò

Ní ìlú Schramberg, ní àárín àwọn òkè tí igbó bò ní gúúsù Jámánì, ni ilé iṣẹ́ aago Junghans fìdí sọlẹ̀ sí. Erhard Junghans ló dá a sílẹ̀ ní 1861. Nígbà tó fi di 1903, kò sí ilé iṣẹ́ aago tó tóbi tó o ní gbogbo àgbáyé, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì lé ní 3,000. Arthur Junghans, ọmọ olùdásílẹ̀ náà, fẹ́ràn mọ́tò láti ìgbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, ó sì mọ Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach, méjì nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe mọ́tò nílẹ̀ Jámánì.

Ní 2016, ilé iṣẹ́ yìí gbé aago ọwọ́ kan jáde tí wọ́n pè ní Meister Driver. Ojú rẹ̀ fara wé àwọn aago tó máa ń wà níwájú awakọ̀ nínú mọ́tò àtijọ́: nọ́ńbà rẹ̀ hàn ketekete, ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀dà tó ń tàn nínú òkùnkùn sì wà lára rẹ̀. Kò lo bátìrì. Nínú irú kan, ẹni tó ni ín ló ń fi ìka yí orí rẹ̀ kí sípíríǹgì inú rẹ̀ lè gba agbára.

Ìbátan wà láàárín aago bẹ́ẹ̀ àti aago tó ń ka eré mọ́tò ní ayé ijọ́un. Ní 1902, ẹnjiníà ọmọ Jámánì kan, Otto Schulze, gba ìwé ẹ̀rí lórí ọ̀nà tí a lè gbà mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Wáyà kan ń yí láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó sì ń yí òòfà kan. Òòfà náà ń fa ife irin kékeré kan tí kò fara kan án. Bí òòfà bá ṣe yára tó ni ife náà ṣe ń fẹ́ tẹ̀lé e tó. Sípíríǹgì tínínrín kan ń fà á padà. Ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba ni ọwọ́ aago ń dúró sí, ibẹ̀ sì ni awakọ̀ ti ń ka iye eré tó ń sá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọgbọ́n yìí ni wọ́n lò nínú àìmọye mọ́tò káàkiri ayé, títí kan àwọn tó kó àwọn bàbá wa lọ sí oko àti ọjà.

Ẹwà kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wá nínú àwọn aago wọ̀nyí. Kí ojú lè kà wọ́n kíákíá nínú ọkọ̀ tó ń gbọ̀n, lóru, lójú ọ̀nà tó kún fún eruku, ni wọ́n ṣe ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Jack Heuer, ọmọ ìdílé aláago kan ní Switzerland, fojú ara rẹ̀ rí i ní 1958. Òun ni atọ́nà nínú ìdíje kan, ó ṣi aago iwájú ọkọ̀ kà pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan péré, ìṣẹ́jú kan náà sì gba ipò kìíní lọ́wọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ló ṣe aago ọ̀hún. Ó pa irú aago náà tì, ó ṣe òmíràn tó rọrùn láti kà, nígbà tó sì di 1962, ó mú orúkọ aago iwájú ọkọ̀ náà, Autavia, ó fi sọ aago ọwọ́. Láti iwájú mọ́tò ni aago ti gun ọwọ́ wá.

Kí ni iṣẹ́ atọ́nà?

Ẹni tó bá ti wọ dánfó l'Ékòó mọ̀ pé dẹ́rẹ́bà nìkan kọ́ ló ń wakọ̀. Ojú kọ̀ńdọ́ ni dẹ́rẹ́bà fi ń rí ẹ̀yìn, ẹnu kọ̀ńdọ́ ló sì ń sọ fún un ìgbà tó yẹ kó yà. Iṣẹ́ atọ́nà nínú ìdíje ọlọ́nà jíjìn jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ìdíje yìí kò jọ èyí tí wọ́n ń sá yípo lórí pápá kan ṣoṣo. Láti ìlú sí ìlú ni wọ́n ń lọ, nígbà mìíràn láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, tọ̀sán-tòru. Àwọn ibùdó àyẹ̀wò wà lójú ọ̀nà, àkókò tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ sì ti wà nínú ìwé. Ẹni tó bá pẹ́, wọ́n á kọ ìyà sí i lọ́rùn ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá pẹ́ ju òdiwọ̀n lọ, ìdíje ti parí fún un nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ọkọ̀ rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá.

Atọ́nà ló ń ṣọ́ gbogbo èyí. Níwájú rẹ̀ ni òǹkà tó ń sọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn wà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń rà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Halda ní Sweden. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni aago wà, pẹ̀lú aago mìíràn tó ṣeé tẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ kíkà àti láti dá a dúró. Láti inú ọ̀nà tí wọ́n ti rìn àti àkókò tí wọ́n ti lò ni atọ́nà ti ń mọ̀ bóyá wọ́n ń pẹ́ tàbí wọ́n ṣì ní àyè láti ra epo. Òun kan náà ló ń ka àkọsílẹ̀ ọ̀nà sétí awakọ̀: kọ́nà tó ń bọ̀, bó ṣe le tó, ibi tí òkè ti fi ọ̀nà pamọ́. Ṣáájú ìdíje ni wọ́n ti máa ń rin ọ̀nà náà wò láti kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ó bá ka ìlà kan kọjá, inú kòtò ni awakọ̀ yóò ti mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ ńlá kì í fi í gbé ẹnikẹ́ni ṣáá sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Henry Liddon sì wà lára àwọn tí wọ́n ń wá jù lọ.

Láti Minsk dé Monaco

Oṣù Kínní ọdún 1964 ni òkìkí rẹ̀ kàn. Ìdíje Monte Carlo nígbà náà ní òfin kan tó yàtọ̀: àwọn olùdíje lè gbéra láti ìlú púpọ̀ káàkiri Yúróòpù, kí wọ́n sì pàdé lójú ọ̀nà Monaco. Liddon àti awakọ̀ rẹ̀, Paddy Hopkirk, ọmọ Northern Ireland, gbéra láti Minsk, tó wà lábẹ́ ìjọba Soviet lákòókò náà. Nínú òtútù àti yìnyín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Mini Cooper S ni ọkọ̀ wọn, mọ́tò pupa kékeré tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 33 EJB. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 1,071 cc lọ. Lára àwọn tí wọ́n jọ ń du ipò kìíní ni Bo Ljungfeldt ti Sweden, nínú Ford Falcon ńlá ará Amẹ́ríkà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti Mini. Ljungfeldt yára jù wọ́n lọ lójú ọ̀nà eré. Ṣùgbọ́n òfin ìdíje náà ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó ṣírò àkókò, nítorí náà kékeré lè borí ńlá bí kò bá fi ìṣẹ́jú kankan ṣòfò.

Hopkirk máa ń sọ ìtàn kan nípa ìrìn àjò náà títí ó fi dàgbà. Ó ní àwọn gba ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í gbà bọ̀ nílẹ̀ Faransé, ọlọ́pàá sì dá àwọn dúró. Bí ọlọ́pàá náà bá kọ ẹ̀ṣẹ̀ yìí sínú ìwé ìdíje wọn, iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn á wọmi. Hopkirk purọ́ fún un pé àwọn ti kúrò nínú ìdíje, ilé ni àwọn ń lọ. Ó jẹ́ kí wọ́n kọjá.

Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀ tán, Mini pupa náà ló gbé ipò kìíní. Ariwo ta ní Britain. Olórí ìjọba, Alec Douglas-Home, fi ìkíni ránṣẹ́. Àwọn olórin Beatles fi àwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí Hopkirk. Orúkọ Hopkirk ló di orin lẹ́nu tàgbà tèwe. Ti Liddon wà lẹ́yìn rẹ̀, nínú ìlà kejì ìròyìn, níbi tí orúkọ atọ́nà máa ń wà.

Nítorí gílóòbù iná, nítorí ìṣẹ́jú àáyá

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Liddon rí i pé aago nìkan kọ́ ló lè gba ife lọ́wọ́ ènìyàn. Ní 1966, Mini mẹ́ta ló gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta ní Monte Carlo. Hopkirk àti Liddon ló wà ní ipò kẹta. Lẹ́yìn ìdíje, àwọn adájọ́ yẹ àwọn ọkọ̀ náà wò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n sì wí pé irú gílóòbù tó wà nínú iná iwájú wọn lòdì sí òfin. Wọ́n lé gbogbo wọn kúrò, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ Britain mìíràn, wọ́n sì fún Pauli Toivonen ní ipò kìíní nínú Citroën ilẹ̀ Faransé. Ìbínú nípa ìdájọ́ náà kò tíì tán nínú ìtàn eré mọ́tò títí di òní.

Ní 1967, Liddon padà síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Rauno Aaltonen ará Finland ni awakọ̀ rẹ̀, nínú Mini mìíràn. Wọ́n gba ipò kìíní, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ díẹ̀ ló kù kí ó bọ́: lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ àti òru wọ̀nyẹn, ohun tó wà láàárín wọn àti ẹni tó ṣìkejì kò tó ìṣẹ́jú àáyá 15. Ẹni tó ṣìkejì náà ni Ove Andersson ará Sweden, nínú Lancia.

Kò sí ẹni tó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé Andersson tí wọ́n fi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá lù yìí ni yóò padà di ọ̀gá Liddon.

Nígbà tí ayé di pápá eré

Ní òpin ọdún 1968, Liddon wà nínú ìdíje tó gbéra láti London lọ sí Sydney ní Australia. Aaltonen àti Paul Easter ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀. Wọ́n gba Turkey, Iran, Afghanistan àti India kọjá kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn sọdá òkun. Wọ́n parí sí ipò karùn-ún. Ní 1970, ìdíje mìíràn gbéra láti London lọ sí Mexico, ó sì gba Gúúsù Amẹ́ríkà kọjá. Aaltonen àti Liddon gbé ipò kẹta nínú Ford Escort.

Lẹ́yìn èyí ni ó bá Timo Mäkinen, ará Finland mìíràn tí kì í bẹ̀rù eré, ṣe pọ̀. Ní 1973, 1974 àti 1975, ọdún mẹ́ta léra, àwọn méjèèjì ló gba ìdíje RAC ilẹ̀ Britain nínú Ford Escort. Inú igbó tó tutù, tí kùrukùru bò, ni wọ́n ti ń sá èyí tó pọ̀ jù nínú ìdíje náà. Awakọ̀ kò lè rí kọ́nà kí ó tó dé ibẹ̀. Ohùn ẹni tó jókòó tì í ni ojú rẹ̀.

Bandama: ìdíje tí aago borí gbogbo ènìyàn

Ìlú Abidjan kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, tí wọ́n sì ń bí ọmọ síbẹ̀. Ní ìlú yìí ni ìdíje kan ti bẹ̀rẹ̀ ní 1969, wọ́n sì fi orúkọ odò tó gùn jù lọ ní Côte d'Ivoire pè é: Bandama.

Òkìkí Bandama kàn nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1972. Àkókò tí wọ́n fún àwọn olùdíje ní ọdún náà le, ọ̀nà sì burú, débi pé kò sí ọkọ̀ kankan tó parí rẹ̀ lábẹ́ òfin. Gbogbo àwọn tó gbéra ni ìdíje já sílẹ̀. Wọn kò rí ẹni gbé ife fún. Aago nìkan ló borí.

Ọ̀nà gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń sá eré náà lórí rẹ̀. Ní gúúsù, igbó kìjikìji àti ẹrẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti ń lọ sí àríwá, eruku pupa ni yóò bo gíláàsì. Ọkọ̀ akẹ́rù, màlúù, ewúrẹ́ àti ẹni tó ń gbé igi ìdáná bọ̀ láti oko lè yọ nígbàkigbà. Atọ́nà tó ń ka aago ní irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí ó sọ fún awakọ̀ pé kó rọra. Bí ó bá sọ ọ́ jù, wọn á pẹ́. Bí kò bá sọ ọ́ rárá, wọn lè má dé.

Mäkinen àti Liddon gba ìdíje yìí ní 1974, wọ́n tún gbà á ní 1976. Peugeot 504 ni wọ́n wà nínú rẹ̀ nígbà méjèèjì. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni kò nílò àlàyé nípa ọkọ̀ náà. Láti 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó jọ, 504 sì di ọkọ̀ tó ń kó èrò láti Ìbàdàn sí Èkó, láti Cotonou sí Lomé, láti Abidjan sí Bouaké. Ó lágbára, mẹkáníìkì abẹ́ igi sì lè tún un ṣe. Irú ọkọ̀ tí àwọn bàbá wa ń wọ̀ lọ sí ìsìnkú àti ìgbéyàwó náà ni Liddon fi ṣẹ́gun.

Láti ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ sí ojú ọ̀run

Ní 1978, ìdíje Côte d'Ivoire di ọ̀kan lára ìdíje àgbáyé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó gidi lé e lórí. Mercedes ti Jámánì kó ipò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àkọ́kọ́ ní 1979, Hannu Mikkola sì ni ẹni àkọ́kọ́. Björn Waldegård tún gbà á fún wọn ní 1980.

Liddon ti bọ́ sí Toyota nígbà yìí. Andersson, ẹni tó gbé ipò kejì ní Monte Carlo 1967, ló ń darí ikọ̀ Toyota ní Yúróòpù, tí wọ́n fi Cologne ní Jámánì ṣe ibùjókòó. Liddon kọ́kọ́ ṣe atọ́nà fún Andersson fúnra rẹ̀ nínú Toyota Celica. Àwọn méjì tí aago ti yà sí ipò kìíní àti ìkejì wá ń pín aago kan náà. Nígbà tó yá, Liddon fi ìjókòó atọ́nà sílẹ̀, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ ikọ̀ náà.

Iṣẹ́ náà kò yàtọ̀ púpọ̀, ó kàn tóbi sí i ni. Dípò ọkọ̀ kan, gbogbo ọkọ̀ ikọ̀ ló ń ṣọ́ àkókò wọn. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí mẹkáníìkì yóò ti dúró, ibi tí táyà yóò wà, ìgbà tí epo yóò dé, àti bí ìròyìn ọkọ̀ tó bàjẹ́ nínú igbó yóò ṣe tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè tún un ṣe. Ní Áfíríkà, ọ̀nà jìn, igbó dí, rédíò inú ọkọ̀ kò sì lè ránṣẹ́ jìnnà. Nítorí náà ni àwọn ikọ̀ ńlá ṣe ń gbé bàálù sí òkè láti máa gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ó sì máa fi ránṣẹ́.

Ètò náà so èso. Toyota gba ìdíje Côte d'Ivoire ní 1983, ní 1985 àti ní 1986. Wọ́n tún gba Safari ilẹ̀ Kenya ní 1984, 1985 àti 1986. Waldegård àti Juha Kankkunen ni orúkọ awakọ̀ tó wà nínú ìwé fún àwọn ìṣẹ́gun wọ̀nyí. Àwọn tó mọ inú iṣẹ́ náà mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá dé ibùdó ní àkókò, ẹnì kan wà níbì kan tó ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ tí bàálù já

Ní 1987, Toyota padà wá sí Côte d'Ivoire pẹ̀lú ìrètí pé ife náà kò ní kúrò lọ́wọ́ wọn. Liddon wà nínú bàálù ikọ̀ náà. Nigel Harris, atọ́nà mìíràn tó ti di òṣìṣẹ́ ikọ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ìdíje ń lọ lọ́wọ́ ni bàálù náà já.

Toyota fa gbogbo ọkọ̀ wọn kúrò nínú ìdíje. Awakọ̀ wọn, Waldegård àti Lars-Erik Torph, kò parí rẹ̀. Kenneth Eriksson ará Sweden ló gba ipò kìíní nínú Volkswagen Golf ilẹ̀ Jámánì.

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọkùnrin tó mọ ìṣẹ́jú tó kù fún gbogbo ènìyàn kò mọ èyí tó kù fún òun. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n Liddon kò padà sílé láti Côte d'Ivoire, orílẹ̀-èdè tó ti gba ife lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ti bá Toyota wá fún ìṣẹ́gun mìíràn.

Ohun tó kù

Lẹ́yìn ọdún 1992 ni ìdíje Côte d'Ivoire kúrò lára ìdíje àgbáyé, ṣùgbọ́n Bandama kò kú. Ó wáyé lára ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́yìn náà. Ove Andersson gbé ayé títí di 2008. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ó ń wa mọ́tò àtijọ́ kan nínú ìdíje ní South Africa nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kọlu òmíràn, ó sì kú. Ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn méjèèjì kú sí, ẹnu eré mọ́tò sì ni ikú bá wọn. Hopkirk kú ní 2022. Mini pupa 33 EJB wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mọ́tò ní Gaydon, ní Britain, níbi tí ènìyàn ti lè lọ wò ó.

Lónìí, kọ̀ǹpútà àti sátẹ́láìtì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn atọ́nà ń fi ojú àti orí ṣe. Wáyà tó ń yí òòfà ti kúrò nínú mọ́tò tuntun. Àwòrán lórí gíláàsì ló rọ́pò rẹ̀. Bí ohun èlò kan bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ó máa ń di ohun ẹ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ojú aago iwájú ọkọ̀ ṣe di ojú aago ọwọ́ tí àwọn olówó ń rà ní Schramberg àti níbòmíràn.

Kò sí aburú nínú rẹ̀. Aago tó rẹwà ni. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà ńláńlá wọ̀nyẹn kò tóbi lásán, ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn kò sì wà fún àṣehàn. Wọ́n ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ kí ẹnì kan tí kò tíì sùn fún ọjọ́ méjì, nínú ọkọ̀ tó ń gbọ̀n lójú ọ̀nà eruku láàárín Abidjan àti àríwá, lè kà wọ́n láì ṣì wọ́n kà, kí ó sì sọ òótọ́ fún ẹni tó di sítíárì mú. Ọ̀kan nínú àwọn tó kà wọ́n dáadáa jù lọ ni Henry Liddon.